Ẹ̀fọn Tí Oògùn Kò Ràn Mọ́

Ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀dá abẹ̀mí ni mo gbé wá bá yín lónìí: bí wọ́n ṣe pọ̀ tó, bí wọ́n ṣe yàtọ̀ síra wọn, àti bí wọ́n ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran.

Bí a bá ti dá irú ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, egungun ẹranko àtijọ́ ló máa ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ wa, àwọn egungun gàgàrà tí wọ́n hú nínú ilẹ̀, tí wọ́n tò sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lókè òkun. A máa ń rò pé nǹkan tó ti ṣẹlẹ̀ tó sì ti tán ni. Kò tíì tán o. Ó ń lọ lọ́wọ́. Ẹ̀dá tí mo sì fẹ́ fi jẹ́rìí ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe erin, kì í ṣe kìnnìún. Bóyá ó tilẹ̀ ti wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù yín níbi tí ẹ ti ń gbọ́ mi yìí, tó ń retí kí ẹ pa iná. Ẹ̀fọn ni mo ń wí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe pọ̀ tó. Ẹ̀fọn tí àwọn onímọ̀ ti fún lórúkọ lé ní oríṣi 3,500. Wọ́n sì ti dé ilé ayé tipẹ́tipẹ́ kí ọmọ èèyàn tó dé. Ní ilẹ̀ Myanmar, wọ́n rí ẹ̀fọn tó há sínú oje igi tó ti gan di òkúta, oje igi náà sì ti pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 99 ọdún. Àwọn dáínósọ̀ ṣì ń rìn lórí ilẹ̀ nígbà tí ẹ̀fọn yẹn kó sí wàhálà.

Púpọ̀ nínú àwọn oríṣi 3,500 yìí ni kò bá wa dá nǹkan kan pọ̀. Ẹyẹ ni òmíràn ń bá fínra. Òmíràn wà tó jẹ́ pé ara ọ̀pọ̀lọ́ ló ti ń mu ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀fọn ńlá kan sì wà nínú igbó tí wọ́n ń pè ní Toxorhynchites, ara rẹ̀ ń dán gbinrin, àwọ̀ rẹ̀ ń kọ mọ̀nà. Òun kò mu ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni rí láyé rẹ̀. Nígbà tó ṣì wà nínú omi, àwọn ọmọ ẹ̀fọn yòókù ló ń pa jẹ. Ẹ sì jẹ́ ká ṣe òdodo fún akọ ẹ̀fọn gbogbo: omi dídùn inú òdòdó ni oúnjẹ tiwọn. Abo nìkan ló ń jẹni, nítorí ẹyin tó fẹ́ yé ló ṣe ń wá ẹ̀jẹ̀. Abiyamọ ló ń jẹ yín lóru, ẹ̀yin ará.

Mẹ́ta ni èyí tó bá wa lálejò jù nínú ilé. Culex ni ti inú gọ́tà, èyí tó fẹ́ràn omi ìdọ̀tí, tó máa ń han síni létí títí ilẹ̀ á fi mọ́. Aedes ni ti dúdú tó ní funfun tótòtó lẹ́sẹ̀, ojúmọmọ ló ń jẹni, inú táyà àlòkù àti agolo tí òjò rọ sí ló ti ń bí ọmọ. Ẹ̀kẹta ni Anopheles, òun ló ń gbé ibà fún wa. Bí ẹ bá fẹ́ dá a mọ̀, ẹ wò ó nígbà tó bá bà lé ògiri. Àwọn yòókù máa ń na ara wọn gbọọrọ lórí ògiri, ṣùgbọ́n Anopheles á dorí kodò, á gbé ìdí sókè. Àwọn ọmọ rẹ̀ nínú omi, àwọn tanwíji, yàtọ̀ pẹ̀lú: ti Culex máa ń fi ìdí so rọ̀ lójú omi, ti Anopheles á sùn lélẹ̀ pẹrẹsẹ lójú omi tó mọ́, tí oòrùn ń pa.

Ìbéèrè wá ni pé, báwo ni ẹ̀dá kan ṣe pín sí oríṣi 3,500, tí kálukú ní oúnjẹ tirẹ̀, omi tirẹ̀ àti àkókò tirẹ̀?

Ẹni kan tó rí ìdáhùn náà, orí àìsàn ló wà nígbà tó rí i. Ọdún 1858 ni. Alfred Russel Wallace, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń kó ẹyẹ àti labalábá jọ ní àwọn erékùṣù tí a mọ̀ sí Indonéṣíà lónìí. Ibà dá a gúnlẹ̀. Bí òtútù bá mú un tán, ooru á gbà á, ojoojúmọ́ ló sì gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀ títí yóò fi lọ. Níbi tó dùbúlẹ̀ sí ni èrò náà ti sọ sí i lọ́kàn. Nígbà tó gbádùn, ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Charles Darwin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láìmọ̀ pé Darwin náà ti ń ro ohun kan náà fún bí ogún ọdún. Wọ́n ka iṣẹ́ àwọn méjèèjì pọ̀ ní London lọ́dún náà, nígbà tó sì di 1859 ni Darwin tẹ ìwé ńlá tirẹ̀ jáde.

Ohun tí àwọn méjèèjì sọ kò ju mẹ́ta lọ. Àkọ́kọ́, ìka ò dọ́gba: ẹ mú ẹ̀fọn 100 tí ìyá kan náà bí, wọn kò rí bákan náà délẹ̀délẹ̀. Èkejì, ẹni bíni là á jọ: ohun tó yàtọ̀ lára òbí, ọmọ lè jogún rẹ̀. Ẹ̀kẹta, àwọn tí a ń bí pọ̀ ju àwọn tí yóò dàgbà tó láti bímọ lọ. Abo Anopheles kan lè yé 50 sí 200 ẹyin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, yóò sì tún yé òmíràn láìpẹ́ ọjọ́. Bí gbogbo wọn bá yè, a kò ní rí ibi dúró sí láyé. Ẹja jẹ nínú wọn, ọ̀gbẹlẹ̀ gbẹ àwọn kan mọ́lẹ̀, aláǹtakùn mú àwọn kan. Àwọn tí ohun tó wà lára wọn bá gbà là ló ń bímọ, ohun tó gbà wọ́n là yẹn ni àwọn ọmọ wọn sì ń jogún. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ìran náà á yàtọ̀ sí ti àtẹ̀yìnwá.

N kò ní kí ẹnikẹ́ni torí èyí fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí ojú rí, tí ọwọ́ sì kà, ni mo ń sọ. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lára Aedes, oníẹsẹ̀ tótòtó.

Ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni Aedes aegypti í ṣe. Inú igbó ni ilé rẹ̀ ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, omi tó bá dúró sínú ihò igi ló ń yé ẹyin sí, ara àwọn ẹranko ló sì ti ń jẹun. Títí di òní, àwọn ìbátan rẹ̀ tó ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀ wà nínú igbó, tí òórùn èèyàn kò tilẹ̀ wù wọ́n. Kí ló wá gbé èyí tó kù wọlé? Ní ọdún 2020, àwọn onímọ̀ kan tẹ ìwádìí jáde lórí Aedes tí wọ́n kó jọ láti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ibi ní Áfíríkà. Wọ́n gbé òórùn èèyàn síwájú wọn, wọ́n gbé ti ẹranko, wọ́n sì wo ibi tí wọ́n fò sí. Àwọn tó fẹ́ràn èèyàn jù ni àwọn tó wá láti ibi tí ọ̀gbẹlẹ̀ ti gùn, tó sì mú gan-an, àti láti ìlú ńlá tí èrò ti pọ̀.

Ẹ rò ó wò. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé tí ihò igi gbẹ, ibo ni omi kù sí? Inú àmù àti ìkòkò ọmọ èèyàn ni. Ẹ̀fọn tó bá lè gbé nítòsí àmù, tó sì lè jẹun lára ẹni tó ni àmù, òun ló ń rí ọmọ bí. Ẹyin Aedes tún lè wà ní gbígbẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù láìkú, kí ó máa retí omi. Báyìí ni ẹ̀fọn inú igbó ṣe di ará ilé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan ìtàn tiwa ni pé, ẹ̀fọn yìí bá ọkọ̀ òkun ẹrú lọ. Nínú àgbá omi tí àwọn tó ń ṣòwò ẹrú kó sínú ọkọ̀ ni tanwíji ti ń dàgbà, lára àwọn èèyàn tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ ni ìyá wọn sì ti ń jẹun títí wọ́n fi gúnlẹ̀. Ibà pọ́njú bá wọn lọ. Láàárín ọ̀rúndún 17, ó ti ń pa èèyàn ní àwọn erékùṣù Kàríbíà. Kúbà àti Bràsíìlì, níbi tí wọ́n kó àwọn baba ńlá àti ìyá ńlá ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá lọ, wà lára ibi tó ti hàn wọ́n léèmọ̀ jù. Ní Havana náà ni dókítà ọmọ Kúbà kan, Carlos Finlay, ti dìde ní 1881 pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà pọ́njú kiri. Àwọn èèyàn kò kọbi ara sí i. Ó di 1900 kí àwọn dókítà ológun Amẹ́ríkà tí Walter Reed ṣáájú wọn tó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òótọ́ ló sọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Anopheles, ọ̀dọ̀ tirẹ̀ ni ọ̀rọ̀ gbé lágbára jù. Nínú gbogbo ibà tó ń ṣe ọmọ aráyé lọ́dún, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ni Nàìjíríà nìkan ń kó.

Ní 1939, Paul Müller, ọmọ ilẹ̀ Swítsáláǹdì, rí i pé DDT ń pa kòkòrò. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1948. Inú ayé dùn, wọ́n ní ibà ti dópin. Ní 1955, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ètò ńlá kalẹ̀ láti pa ibà rẹ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n ní àkókò náà gan-an, ní Ambursa, abúlé kan nítòsí Birnin Kebbi, níbi tí wọ́n ti ń fi oògùn tó ń jẹ́ dieldrin kun ògiri ilé, ẹ̀fọn bẹ̀rẹ̀ sí í bà lé oògùn tó sì ń dìde lọ ní àlàáfíà. Wọn kò tíì fín oògùn náà pẹ́. Àwọn onímọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì ní 1956. Ilẹ̀ Nàìjíríà wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí i pé Anopheles gambiae ti ń bọ́ lọ́wọ́ oògùn.

Ní àwọn ọdún 1990, wọ́n rí i ní Côte d'Ivoire pé oògùn pyrethroid kò ran ẹ̀fọn kan mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Pyrethroid yìí ni wọ́n ń rẹ nẹ́ẹ̀tì sínú rẹ̀, ìdílé rẹ̀ ló sì wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn agolo tí a ń fín sínú yàrá àti kọ́ìlì tí a ń dáná sí. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, àwọn onímọ̀ ti rí i ní ìwọ̀ oòrùn gúúsù Nàìjíríà níbí pẹ̀lú.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀? Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ tó ń fẹ́ sùúrù ni. Wọ́n á kó tanwíji láti inú kòtò omi òjò wá sí yàrá ìwádìí, wọ́n á tọ́ ọ nínú abọ́ títí yóò fi hu ìyẹ́. Wọ́n á ṣa akọ kúrò lára abo. Bí abo bá ti pé ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, tí kò tíì fẹnu kan ẹ̀jẹ̀, wọ́n á kó nǹkan bíi 25 sínú ọ̀pá ike kan tí wọ́n ti fi bébà tó mu oògùn tẹ́ inú rẹ̀ yíká. Wákàtí kan géérẹ́ ni wọn yóò lò níbẹ̀. Àwọn tí oògùn ràn á bẹ̀rẹ̀ sí í ta gìrìgìrì, wọ́n á ṣubú, wọ́n á fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ẹsẹ̀ wọn á máa gbọ̀n. Àwọn tí kò ràn á bà lé ara bébà olóògùn náà, wọ́n á sì jókòó. Lẹ́yìn wákàtí kan, wọ́n á kó gbogbo wọn sínú ọ̀pá mìíràn tí kò ní oògùn, wọ́n á fún wọn ní owú tí wọ́n rì sínú omi ṣúgà, wọ́n á sì fi wọ́n sílẹ̀ di wákàtí 24. Ìgbà náà ni wọ́n tó ń ka òkú. Bí 98 nínú 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá kú, oògùn ṣì múná. Bí òkú kò bá pé 90, ẹ̀fọn ibẹ̀ ti borí oògùn nìyẹn.

Kí ló wà lára àwọn tó jókòó wọ̀nyẹn? Iṣan ẹ̀fọn ní àwọn ẹnu ọ̀nà tíntìntín tó máa ń ṣí, tó sì máa ń tì. Oògùn pyrethroid á ha sẹ́nu ilẹ̀kùn, kò ní jẹ́ kó tì mọ́. Ohun tó ń mú ẹ̀fọn ta gìrìgìrì nìyẹn, òun náà ló ń pa á. Ṣùgbọ́n a rí ẹ̀fọn tí férémù ilẹ̀kùn tirẹ̀ yàtọ̀ ní ojú kan ṣoṣo péré, tí oògùn kò sì rí ibi há sí dáadáa. A rí òmíràn tí èròjà inú ara rẹ̀ ń fọ́ oògùn sí wẹ́wẹ́ kó tó dé iṣan. A tún rí èyí tí awọ ẹsẹ̀ rẹ̀ nípọn, ẹsẹ̀ ló sì fi ń tẹ nẹ́ẹ̀tì, nítorí náà oògùn kì í tètè wọlé.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí o, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣìnà. Kò sí ẹ̀fọn kankan tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń borí oògùn. Kò sí èyí tí oògùn mọ́ lára. Kí oògùn tó dé ni ẹ̀fọn mélòó kan tí ilẹ̀kùn wọn yàtọ̀ ti wà láàárín ẹgbàágbèje, tí ìyàtọ̀ náà kò sì ṣe wọ́n ní àǹfààní kankan. Oògùn dé, ó pa àwọn yòókù, ilé ṣófo, àwọn díẹ̀ yẹn nìkan ló kù tí yóò bímọ. Láti ẹyin dé ẹ̀fọn kò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lọ. Láàárín ọdún kan, ọmọ, ọmọ-ọmọ àti ọmọ-ọmọ-ọmọ ti kún ilẹ̀. Oògùn kọ́ ló bí wọn. Oògùn ló gba ilẹ̀ fún wọn.

Kì í sì í ṣe inú yàrá nìkan ni a ti ń gba ilẹ̀ fún wọn. Oògùn tí a ń fín sí ẹ̀fọ́, òwú àti kòkó máa ń bá òjò ṣàn lọ sínú kòtò omi tí tanwíji wà. Láti kékeré ni oògùn ti ń dán wọn wò, èyí tó bá yè á sì wọ ilé wa.

Ìwà ẹ̀fọn pàápàá ti yí padà níbòmíràn. Ní àgbègbè Ouidah, ní Olómìnira Benin, wọ́n pín nẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ilé. Àwọn onímọ̀ wá ń ṣọ́ aago tí Anopheles funestus ń jẹni. Ní abúlé kan tó ń jẹ́ Lokohouè, nǹkan bí aago méjì òru ni jíjẹ rẹ̀ fi ń le tẹ́lẹ̀. Láàárín ọdún mẹ́ta, ó ti sún sí nǹkan bí aago márùn-ún ìdájí. Ẹ ò rí i bí? Aago márùn-ún ni ìyá ń jáde lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì láti dáná, tí bàbá ń wẹ̀ kó lè tètè lọ sóko. Ẹ̀fọn tó bá lè dúró di ìgbà náà ló ń rí ẹ̀jẹ̀ mu.

Ohun mìíràn tún wà tó mú kí ogun yìí le. Ohun tí a ń pè ní Anopheles gambiae tẹ́lẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yà kan ṣoṣo. Ojú lásán kò lè yà wọ́n. Ní àwọn ọdún 1960, George Davidson ní London mú ẹ̀fọn láti oríṣiríṣi ibi ní Áfíríkà, ó jẹ́ kí wọ́n gun ara wọn, ó sì rí i pé akọ ọmọ tí àwọn kan bí jẹ́ òkóbó. Ìyẹn ni pé ìran wọn ti yà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n jọra bí ìbejì.

Láàárín 1969 sí 1976, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti ìjọba Nàìjíríà ṣe iṣẹ́ ribiribi kan ní Garki, tó wà ní ìpínlẹ̀ Kano nígbà náà, tó ti di ara Jigawa báyìí. Wọ́n fín oògùn sínú ilé, wọ́n pín oògùn ibà fún ará ìlú. Ibà dín kù, ṣùgbọ́n kò tán. Mario Coluzzi, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, yẹ àwọn ẹ̀fọn ibẹ̀ wò dé inú sẹ́ẹ̀lì wọn. Ó rí i pé àwọn tó fẹ́ràn kí wọ́n máa sinmi nínú ilé yàtọ̀ ní àbùdá sí àwọn tó ń sinmi níta. Ará ilé ni oògùn ń pa, àwọn ará ìta kò mọ̀ pé ogun wà níbì kankan. Ní 2013, wọ́n ya apá kan sọ́tọ̀ kúrò lára gambiae, wọ́n sì fi orúkọ Coluzzi pè é: Anopheles coluzzii. Omi òjò tó kàn dúró fún ìgbà díẹ̀ ni gambiae fẹ́ràn. Coluzzii ń lo omi tó ń pẹ́ kó tó gbẹ, bíi ti oko ìrẹsì. Lójú wa báyìí ni wọ́n ń yà kúrò lára ara wọn. Síbẹ̀ wọn kò tíì yà tán. Wọ́n ṣì ń gun ara wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ibi tí wọ́n sì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni gambiae ti kó ilẹ̀kùn tí oògùn kò ràn lé coluzzii lọ́wọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àwa nìkan là ń yí ẹ̀fọn padà. Ẹ̀fọn náà ti yí àwa padà. Ní 1954, Anthony Allison fi hàn pé àwọn ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ AS, ibà líle kì í sábà rí wọn gbé ṣe. Láyé àtijọ́, ibi tí ibà ti ń pa ọmọ AA, ọmọ AS á yè, á dàgbà, á bímọ. Ìdí tí nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà fi jẹ́ AS lónìí nìyẹn. Ẹrù rẹ̀ ni pé bí AS bá fẹ́ AS, ọmọ lè di SS, tí àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde á máa bá fínra. Òfin kan náà tó bá ẹ̀fọn ló bá èèyàn: ohun tó bá gba ẹ̀dá là títí ó fi bímọ, ọmọ á jogún rẹ̀, tòun ti gbèsè tó so mọ́ ọn.

Ẹ ó bi mí pé, ṣé ká jáwọ́ ni? Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní 2015 sọ pé láàárín 2000 sí 2015, ètò ìdènà ibà ní Áfíríkà gba àwọn èèyàn lọ́wọ́ ibà nígbà mílíọ̀nù 663, nínú ìdá 100 rẹ̀, ìdá 68 ló jẹ́ iṣẹ́ nẹ́ẹ̀tì. Nẹ́ẹ̀tì tí kò ya ṣì ń dènà ẹ̀fọn, bí oògùn ara rẹ̀ tilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀.

Bí ẹyẹ bá ṣe fò ni a ṣe ń sọ òkò rẹ̀, àwọn onímọ̀ náà sì ti yí òkò padà. Ní 2017, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí nẹ́ẹ̀tì tó ní èròjà PBO, èyí tí kì í jẹ́ kí ara ẹ̀fọn rí oògùn fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ní 2023, wọ́n fọwọ́ sí èyí tó da oògùn méjì pọ̀, pyrethroid àti chlorfenapyr. Ọ̀nà tí chlorfenapyr ń gbà pa ẹ̀fọn kò kan ilẹ̀kùn iṣan rárá, agbára tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣiṣẹ́ ló ń gbà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní àgbègbè Zou, ní Olómìnira Benin, ibà tó ń ṣe àwọn ọmọdé tó sùn sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì yìí fi ìdá 46 nínú 100 dín sí ti àwọn tó sùn sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì àtijọ́, fún ọdún méjì gbáko. Ìrònú tó wà níbẹ̀ rọrùn: ẹ̀fọn tó bá bọ́ lọ́wọ́ oògùn kan, kí èkejì mú un, kó má baà rí ọmọ bí.

Ṣùgbọ́n bí a bá gbára lé chlorfenapyr nìkan, ohun tó ṣe dieldrin yóò ṣe òun náà. Àlejò mìíràn sì ti dé. Anopheles stephensi, ẹ̀fọn ilẹ̀ Éṣíà, dé Jìbútì ní 2012, ó dé Ẹtiópíà, nígbà tó sì di 2020 wọ́n rí i ní Nàìjíríà. Èyí kò dúró de kòtò omi òjò. Inú táǹkì àti dúrọ́ọ̀mù omi tó wà láàárín ìlú ló ń bí ọmọ sí. Ibà tí a ń rò pé ti ará oko ni, ó ti ń wá ọ̀nà wọ ìgboro.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ẹ̀yin èèyàn mi. Ohun kan wà tí ẹ̀fọn kò rí ọgbọ́n ta sí: kò sí èyí tó lè yé ẹyin sínú àgbá tí a dé ní ìdérí dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni tanwíji kò lè di ẹ̀fọn nínú kòtò tí a ti dí. Nítorí náà, kí a da omi inú táyà àti agolo nù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Kí a dé táǹkì, kí a dé dúrọ́ọ̀mù. Kí a rán nẹ́ẹ̀tì tó ya, kí a sì sùn sábẹ́ rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́ dáadáa. Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára agolo oògùn ni kí ẹ lò, ẹ má ṣe fọ agolo rẹ̀ sódò. Ẹ̀yin tí ẹ ń fín oògùn lálaalẹ́, bí ẹ bá rí i pé ẹ̀fọn kò kú mọ́, ẹ má ṣe fi kún un, ọ̀nà mìíràn ni kí ẹ wá. Bí ibà bá sì mú yín, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò, kí ẹ lo oògùn yín tán, torí kòkòrò tó ń fa ibà nínú ẹ̀jẹ̀ náà lè yè bọ́ lọ́wọ́ oògùn tí a kò lò parí.

Gbogbo ẹ̀fọn tí a bá fi ìlòkulò oògùn dá sí, òun ni yóò bí èyí tí yóò jẹ àwọn ọmọ wa. Ẹ jẹ́ ká tètè bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé.